Ọkọ̀ tí yóò máa gbé dísù àti ọ́ìlì lọ bá katapílà nínú sáìtì: èwo ni ká rà?

ỌmọOdógbolú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn kí a tó náwó. Àwa mẹ́ta la jọ ń fi katapílà ṣiṣẹ́ ilẹ̀, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ojú ọ̀nà kan láti apá Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí ọ̀nà Ògbèrè. Gígé òkè, dídí kòtò, títẹ́ yangí, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ní ni ẹskavétọ̀ mẹ́ta (ogún tọ́ọ̀nù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan), dósà D8 kan, gírédà kan, pélódà kan àti róólà méjì. Wọn kì í wà lójú kan. Ẹskavétọ̀ kan lè wà níbi tí wọ́n ti ń wa yangí, kí dósà sì wà ní kìlómítà mẹ́jọ síbẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí, dúrọ́ọ̀mù là ń kó sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù. A ó fi rọ́bà fa dísù, a ó gbé àrọ lé ẹnu táńkì ẹ̀rọ, a ó sì dà á sí i. Ó ti sú wa. Ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí. Èkíní jẹ́ tànkà tòkunbọ̀ onítáyà mẹ́wàá tó ń gba 10,000 lítà, dísù nìkan ló lè gbé, owó rẹ̀ sì rọ̀ wá lọ́rùn. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ onítáyà mẹ́fà tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. A lè ní kí wẹ́dà ṣe táńkì 4,000 lítà sí i, ká fi àyè ọ́ìlì, gírísì àti kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kún un. Ẹnì kejì mi ní tànkà ńlá ni ká rà, torí owó dísù kì í dúró lójú kan, ká rà á lọ́pọ̀ ká tọ́jú rẹ̀. Èmi ò tíì mọ èyí tó tọ̀nà. Ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i.

AwakọTànkà_Ṣàgámù:

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yín. Iṣẹ́ gbígbé epo láti ibùdó epo Mósímì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣàgámù ni mo fi jẹun, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ nípa táńkì. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe ní ògiri irin nínú tó pín in sí yàrá, ó ní ihò afẹ́fẹ́ tó ń ṣí tó ń pa ara rẹ̀ dé, ó ní fáfù tí ẹ lè tì láti ọ̀nà jíjìn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà á kàn yí páànù irin pọ̀, á jó o, ó parí. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí dísù ń kán sílẹ̀ láti Ìtà Ọ̀ṣìn títí dé Odógbolú.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tó ń ta dísù lọ́pọ̀ kì í fẹ́ rí ẹni tó fẹ́ ra 3,000 lítà. 10,000 lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti bọ́.

MẹkáníìkìÒgbèrè:

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ táńkì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ̀rọ yín ń jẹ lóòjọ́. Ẹskavétọ̀ ogún tọ́ọ̀nù máa ń jẹ nǹkan bíi 12 sí 18 lítà ní wákàtí kan, bí iṣẹ́ bá ṣe le tó. D8 tó ń ti ilẹ̀ gidi á jẹ 30 sí 40. Ẹ fi 15 sí 20 sí gírédà, ẹ fi iye kan náà sí pélódà. Róólà ò ju 10 sí 12 lọ. Bí gbogbo wọn bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá, ẹ ó lo nǹkan bíi 1,200 sí 1,600 lítà lóòjọ́. Ìyẹn ni pé 4,000 lítà á gbé yín fún ọjọ́ méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta.

Kí ni 10,000 ń wá nínú sáìtì? Lítà dísù kan wọn nǹkan bíi 0.84 kílò. 10,000 lítà ti lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, mi ò tíì ka irin táńkì, mi ò tíì ka ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa fi gbogbo ẹrù yẹn rìn lórí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún.

Ohun kan tún wà tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Ta ló máa gbé ọ́ìlì lọ? Ẹ́ńjìnnì tó bá ti ṣiṣẹ́ 250 wákàtí, ọ́ìlì rẹ̀ ti tó pààrọ̀ lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ẹ̀rọ mẹ́jọ lẹ ní. Kò ní sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rọ kan tàbí méjì ò ní tó sàfísì. Píìnì ọwọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹskavétọ̀ sì ń fẹ́ gírísì lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ra tànkà dísù nìkan, pikọ́ọ̀pù àti dúrọ́ọ̀mù tó ti sú yín náà á ṣì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

BàbáGírédà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Mo ti fi gírédà jẹun kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé, mo sì mọ ilẹ̀ tí ẹ ń lọ yẹn dáadáa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ò rí bákan náà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sísàlẹ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, iyanrìn ló pọ̀, òjò á rọ̀, ilẹ̀ á mu ún. Ṣùgbọ́n láti Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sókè, àpáta ló wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ pupa alámọ̀ ló bò ó. Bí òjò June àti July bá kàn án, ó ń yọ̀. Omi ò ní ibi tó máa bá lọ. Ọkọ̀ onítáyà mẹ́wàá tó gbé tọ́ọ̀nù mẹ́jọ epo á rì síbẹ̀, ẹ ó sì pe dósà láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá fà á. Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ tó yẹ kó bọ́ dósà ló wá dá dósà dúró.

Kì í ṣe rírì nìkan. Èmi tí mo ti gé ojú ọ̀nà tó tẹ́jú bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ ẹ, tí tànkà wá gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú òjò, mo gbọ́dọ̀ padà wá gé e. Dísù ni mo tún ń jó.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ ọpurétọ̀ ń ṣe tí mi ò fẹ́ rí: wọ́n á ní kí ẹskavétọ̀ rìn lọ síbi tí ọkọ̀ epo dúró sí, torí ọkọ̀ ò lè wọlé. Ẹ̀rọ onírin ẹsẹ̀ ò ju kìlómítà márùn-ún lọ ní wákàtí kan, gbogbo ìrìn rẹ̀ sì ń jẹ ṣéènì, róólà abẹ́ àti spúrọ́kẹ́ẹ̀tì. Owó ẹsẹ̀ ẹ̀rọ wà lára ohun tó wọ́n jù lọ lára rẹ̀. Epo ló gbọ́dọ̀ wá bá a. Nítorí náà ọkọ̀ tó lè wọ ibikíbi tí ẹ̀rọ bá wà ni kí ẹ wá. Tí ẹ bá lè rí èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí gbogbo táyà rẹ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ má jẹ́ kó lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ní lọ́ọ̀kù dífù (ohun tó ń mú kí táyà ọ̀tún àti ti òsì jọ máa yí bí ọ̀kan bá ń yọ̀), kí táyà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ní eyín gidi.

ÌyáOnídísù:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ ṣé tí ẹ dá sí i.

Ọmọ Odógbolú, nǹkan méjì ni ìwọ àti ẹnì kejì rẹ dà pọ̀. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú dísù sí yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń pín in kiri. Ẹnì kejì rẹ ò ṣàṣìṣe nípa owó. Ẹni tó ń ra dísù ní 2022 ò ní gbàgbé: níbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò tó 300 náírà lítà kan, nígbà tó máa fi di àárín ọdún, ó ti kọjá 700 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó ní epo nílẹ̀ mí díẹ̀ nínú ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n inú táńkì tó jókòó sí yáàdì ni wọ́n ń tọ́jú epo sí, kì í ṣe orí táyà.

Ohun tí àwọn oníbàárà mi tó mọ iṣẹ́ ń ṣe nìyí: wọ́n á gbé táńkì ńlá kan kalẹ̀ sí yáàdì, wọ́n á kọ́ ògiri kékeré yí i ká kí epo má ṣàn lọ bó bá jò, wọ́n á ṣe òrùlé lé e. Àwa tó ń ta epo á wá já a síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré á ti máa bu ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ. AwakọTànkà ní ẹni tó ń ta epo ò fẹ́ rí ẹni tó ń ra díẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n yáàdì yín lẹ ó ti ra ọ̀pọ̀ yẹn, ọkọ̀ tó bá ń já epo lè jẹ́ tiwa. Kò yẹ kí ẹ máa san owó táyà mẹ́wàá àti ti awakọ̀ tànkà fún ohun tí àwa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti January 2024 tí ilé-ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe dísù, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ náà ti di ọ̀nà tí epo lè gbà dé Ìjẹ̀bú, Mósímì nìkan kọ́ mọ́.

Ẹ má sì tọ́jú dísù fún oṣù púpọ̀ jù. Omi á kó sí ìsàlẹ̀ táńkì, kòkòrò tí ojú ò rí á máa dàgbà níbi tí omi àti epo ti pàdé, ẹ ó rí nǹkan dúdú tó ń yọ̀ nínú fíltà. Bí ẹ bá fẹ́ ti sáìtì fún Iléyá àti Ojúde Ọba, ẹ kún táńkì yáàdì kí ẹ tó lọ. Táńkì tó bá wà ní ìlàjì lọ́jọ́ márùn-ún, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á mú omi wá lóru.

AwakọTànkà_Ṣàgámù:

Bàbá, mo gbọ́ ti ilẹ̀ yẹn, mi ò lè bá yín jiyàn. Ìyá, ọ̀rọ̀ yáàdì náà dára. Mo gbà pé 10,000 ti pọ̀ jù fún inú igbó.

Ṣùgbọ́n mi ò fi ọ̀rọ̀ wẹ́dà sílẹ̀ o, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Táńkì 4,000 tí ẹ bá gbé jáde ní kíkún láàárọ̀, ìlàjì ló máa kù nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, ìgbà yẹn gan-an ló léwu. Ẹni tó bá ti ru garawa omi tí kò kún rí mọ bó ṣe ń fà á síwá sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó tẹ bíréèkì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ dísù bá sáré láti ẹ̀yìn wá lu iwájú táńkì, á ti ọkọ̀ síwájú. Ní kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ló máa lù, ó sì lè dojú ọkọ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi pátákó irin oníhò dábùú inú táńkì. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé ẹ fẹ́ wọn, ẹ wọ inú táńkì lọ wò ó kí ó tó dé e. Kí ẹ sì jẹ́ kí táńkì gùn, kó fẹ̀, kó má ga. Táńkì tó ga ń gbé ìwúwo ọkọ̀ sókè.

Aláàbò_Ilíṣàn:

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ààbò sáìtì ni mò ń ṣe ní apá Rẹ́mọ. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ wẹ́dà, kí ẹ tó lọ sórí fíltà àti mítà.

Bí táńkì àlòkù ni ẹ fẹ́ rà wá gbé sórí ọkọ̀, ẹ bi olówó rẹ̀ ohun tó gbé rí. Tó bá jẹ́ bẹntiróòlù, kí ẹnikẹ́ni má gbé iná jó o lára títí tí wọ́n á fi fọ̀ ọ́, tí wọ́n á fi omi gbígbóná tàbí oru lé gbogbo afẹ́fẹ́ epo jáde, tí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n á fi wò ó. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru epo tó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń bú gbàmù. Wọ́n á ní àwọ́n ti gbẹ ẹ́, àwọ́n ti fi sí oòrùn. Kò tó. Wẹ́dà ti kú báyìí níbi púpọ̀.

Ẹ má ṣe gbé bẹntiróòlù àti dísù nínú táńkì kan náà ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kódà bí ẹ̀rọ kékeré yín bá ń lo bẹntiróòlù. Dísù fúnra rẹ̀ kì í yára gbiná, ó gbọ́dọ̀ gbóná kọjá nǹkan bíi 55 digírì kí oru rẹ̀ tó lè mú iná. Bẹntiróòlù ń tú oru yẹn jáde nígbàkígbà. Tí ẹ bá wá ń da dísù sínú táńkì tí oru bẹntiróòlù ṣì wà nínú rẹ̀, iná mànàmáná kékeré tí epo tó ń ṣàn ń mú wá tó láti tan án. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yín fi gbọ́dọ̀ ní wáyà tí ẹ ó fi so ó mọ́ ara ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣí nọ́sù. Wáyà àti kílíìpù, kò wọ́n.

Àwọn yòókù: ohun-èlò ìpaná oníyẹ̀fun méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, 9 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì tó ń pa pọ́ǹpù tí ọwọ́ lè tètè dé. Yanrìn nínú garawa. Páànù tí ẹ ó gbé sábẹ́ ibi tí ẹ ti ń tú ọ́ìlì. Kí ọpurétọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ sì lọ bá NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo, lórí ìwé àṣẹ gbígbé epo kí ọkọ̀ tó jáde, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ti le sí i gan-an. Láti 1 March 2025 ni wọ́n ti ní kí tànkà 60,000 lítà má gbé epo mọ́, nítorí jàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ́Ìpẹru:

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ó pọn dandan kí ó jẹ́ ọkọ̀? Ẹskavétọ̀ kan àti pélódà kan ni mo ń yá àwọn èèyàn lò, láàárín Ìpẹru, Òde-Rẹ́mọ àti Ìṣarà. Táńkì 1,000 lítà tó ní táyà tirẹ̀, tí pikọ́ọ̀pù ń fà, ni mo ń lò. Pọ́ǹpù oníbátìrì wà lórí rẹ̀. Ó ń ṣe é fún mi, mo sì máa ń tú u sílẹ̀ kí n fi pikọ́ọ̀pù ṣe nǹkan mìíràn.

MẹkáníìkìÒgbèrè:

Fún ẹ̀rọ méjì, àbúrò, o ṣe é dáadáa. Mi ò ní kí o yí i padà. Fún ẹ̀rọ mẹ́jọ, á padà sí yáàdì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nǹkan tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn kì í fẹ́ràn ilẹ̀ alámọ̀ náà.

Àmọ́ o ti mú mi dé orí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù kékeré oníbátìrì ń fún ẹ ní 40 sí 60 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Táńkì ẹskavétọ̀ tó gba bíi 400 lítà, ìṣẹ́jú méje sí mẹ́wàá ni yóò gbà. Ó dára fún ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò ṣe kí wọ́n ṣiṣẹ́ kọjá bí ìdajì wákàtí láìsinmi. Ẹni tó fẹ́ bọ́ ẹ̀rọ mẹ́jọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pọ́ǹpù tí gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ń yí ni kó lò. 150 lítà ní ìṣẹ́jú kan, kò ní fi í pè. Ẹ má sì jẹ́ kó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ yín, torí ẹnu táńkì wọn á tú ìfófòó jáde, ọpurétọ̀ á rò pé ó ti kún.

Ní báyìí, ohun tó ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ìdọ̀tí. Ẹ́ńjìnnì òde òní ò dà bí ti àtijọ́. Nínú injẹ́tọ̀ kọmọ́ọ̀n-réèlì tó ń fún dísù sínú ẹ́ńjìnnì, àyè tó wà láàárín irin méjì tó ń lọ tó ń bọ̀ ò ju máíkírọ́ọ̀nù méjì sí mẹ́ta lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Irun orí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70. Eruku yangí tí ẹ ò lè fojú rí ló ń ha irin yẹn, ẹ ó kàn rí i pé ẹ̀rọ ń yọ èéfín, kò lágbára, kò fẹ́ sítáàtì láàárọ̀. Àrọ àti aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ dísù ò lè dá eruku yẹn dúró. Ìgbà tí ẹ bá ṣí dúrọ́ọ̀mù nínú sáìtì tí típà ń kọjá, ẹ ti da eruku sí i.

Ẹ fi fíltà méjì sórí ọkọ̀ yín. Èyí tó kọ́kọ́ wà lẹ́yìn pọ́ǹpù, kó jẹ́ èyí tó ń ya omi, 30 máíkírọ́ọ̀nù. Èyí tó kẹ́yìn kí epo tó wọ họ́ọ̀sì, 10 tàbí kó kéré sí i. Caterpillar fúnra wọn dábàá pé kí epo tó ń wọ inú ẹ̀rọ wọn mọ́ tó ISO 18/16/13, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye ìdọ̀tí inú epo, ẹ ò sì lè dé ibẹ̀ láìsí fíltà. Kí ojú afẹ́fẹ́ táńkì ní fíltà tirẹ̀, kó má jẹ́ ihò lásán. Kí ìsàlẹ̀ táńkì dagẹ̀rẹ̀ sí igun kan, kí kọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ máa tú omi jáde láràárọ̀ kí ó tó mì ín. Kí páìpù tó ń fa epo má kan ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ kìlọ̀ fún wẹ́dà kó má lo páìpù tí wọ́n fi sínǹkì bò, torí dísù ń bá sínǹkì jà, ohun tó ń jáde níbẹ̀ á lọ dí fíltà àti injẹ́tọ̀.

ỌmọOdógbolú:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹnì kejì mi ń ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú mi, ó sì ti ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ìyá, ọ̀rọ̀ táńkì yáàdì yẹn ló mú un dákẹ́.

Ìbéèrè mi lórí ọ́ìlì: ṣé mo lè fi pọ́ǹpù kan àti họ́ọ̀sì kan fa ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti haidirọ́lìkì, kí a kàn máa nù ún?

MẹkáníìkìÒgbèrè:

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú táńkì tirẹ̀, pọ́ǹpù tirẹ̀, họ́ọ̀sì tirẹ̀. Oògùn tó wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 15W-40 yàtọ̀ sí ti haidirọ́lìkì 46 tàbí 68. Bí ti ẹ́ńjìnnì bá dà pọ̀ mọ́ haidirọ́lìkì, á máa hó, á máa gba omi mọ́ra, pọ́ǹpù ńlá ẹskavétọ̀ ni yóò sì san án. Ẹ fi àwọ̀ yàtọ̀ sára họ́ọ̀sì, kí ẹnu wọn má bá ara wọn mu, kí ẹni tó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ má lè ṣì í fi.

Fún yín, mo rí i báyìí: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 300 lítà, haidirọ́lìkì 300, ọ́ìlì gíá àti fáínà díráfù (gíá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ) 100, omi kúláǹtì 100, àti táńkì òfìfo 300 fún ọ́ìlì tí ẹ tú jáde. Táńkì òfìfo yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, tí wọ́n á wá da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ nínú igbó. Àwọn ará abúlé ló ń mu omi ibẹ̀.

Kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ló máa ń ti ọ́ìlì àti gírísì. Pọ́ǹpù ọ́ìlì tó ń lo afẹ́fẹ́, 5 sí 1, ìyẹn ni pé agbára tó fi ń ti ọ́ìlì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀. Ti gírísì, 50 sí 1, tí ẹ gbé lé orí dúrọ́ọ̀mù gírísì 180 kílò tààrà, kó má sí ẹni tó ń fi ọwọ́ kó gírísì kó iyanrìn pọ̀ mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà lẹ ó fi máa fẹ́ radiétọ̀ àti fíltà afẹ́fẹ́, ẹ ó sì fi kún inú táyà pélódà. Nínú ọkọ̀ sàfísì, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ni mo ń kọ́kọ́ wò.

ÀkọwéSáìtì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ mítà. Stóò ni mo wà ní sáìtì kan, ohun tí mo sì rí nípa jíjí dísù pọ̀. Láìsí mítà lórí họ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ló lè sọ pé òun da 200 sí dósà, kò sí ẹni tó lè já a. Mítà tó dára kì í ṣì ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ nínú 1,000. Kí ẹ máa fi garawa ìwọ̀n 20 lítà yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà. Kí ìwé wà nínú ọkọ̀: ẹ̀rọ wo, wákàtí mélòó ló wà lójú mítà ẹ̀rọ, lítà mélòó ló gbà, ta ló fọwọ́ sí i. Nígbà tó bá pé oṣù kan, ẹ ó mọ ẹ̀rọ tó ń jẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà mìíràn, olè kọ́, injẹ́tọ̀ ló ti bàjẹ́.

Mo fẹ́ gbèjà àwọn awakọ̀ náà. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n lé ọmọkùnrin kan torí pé epo dín láàárín ìrọ̀lẹ́ àti àárọ̀. Dísù máa ń wú bó bá gbóná, á sì sún kì bó bá tutù. Digírì kan, ó ń yí nǹkan bíi 0.8 lítà nínú 1,000. Bí ẹ bá gbé 4,000 lítà nínú oòrùn ọ̀sán, tí ó sì fi digírì méjìlá tutù lóru, nǹkan bíi 40 lítà á ti "sọnù" lójú ọ̀pá ìwọ̀n. Kò sí ẹni tó jí i. Ẹ wọn epo ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́, àárọ̀ ló dára jù, kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan ọmọ ẹlòmíràn.

BàbáGírédà:

Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ gidi. Ẹ ṣé.

Kí n fi ọ̀kan kún un lórí àkókò. Ìrọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ bá parí, ni kí ẹ kún táńkì ẹ̀rọ, ẹ má dúró di àárọ̀. Táńkì tó kún kò ní àyè tí omi á ti mú lóru, ẹ̀rọ á sì ti ṣetán bí ilẹ̀ bá mọ́. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù olè lóru, ẹ fi àgádágodo sí ìdérí táńkì, ẹ wá ọdẹ.

ỌmọOdógbolú:

A ti jókòó, a ti fẹnu kò. Ọkọ̀ onítáyà mẹ́fà la ó rà. Táńkì dísù rẹ̀ á jẹ́ 4,000, a ó pín in sí yàrá méjì, pátákó oníhò á wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó gbé táńkì ńlá kalẹ̀ sí yáàdì wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìyá, a ó kàn sí yín lórí ìyẹn. Owó tó kù lórí tànkà tí a fi sílẹ̀ la ó fi ra kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, mítà àti fíltà.

Ọkọ̀ méjì la ti rí, ọ̀kan ní Ṣàgámù, ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ti Ṣàgámù, gbogbo táyà rẹ̀ ló ń yí, ṣùgbọ́n mi ò rí irú rẹ̀ kiri tó bẹ́ẹ̀. Ti Ìjẹ̀bú-Òde, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí, àmọ́ irú rẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, pátì rẹ̀ sì wà ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó dáadáa. Èwo lẹ rò?

AwakọTànkà_Ṣàgámù:

Ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ tí pátì rẹ̀ kò sí lè jókòó fún oṣù kan kí gíá kan tó ti Yúróòpù dé. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ń dúró dè é.

BàbáGírédà:

Èmi ní ti Ṣàgámù, nítorí òjò. Ṣùgbọ́n kí MẹkáníìkìÒgbèrè lọ wo ìdí dífù iwájú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá ti jẹ, kí ẹ mú ti Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ fi lọ́ọ̀kù dífù sí i.

MẹkáníìkìÒgbèrè:

Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n má tan ọkọ̀ náà kí n tó dé, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa sítáàtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Mo máa wo ibi tí wọ́n ń gbé pọ́ǹpù sí lára gíábọ́ọ̀sì, torí tí kò bá sí àyè níbẹ̀, ìṣirò wa lórí 150 lítà ti yí padà. Màá wo fírémù lẹ́yìn kábìn bóyá wọ́n ti jó o rí. Ẹ mú tép ìwọ̀n dání, a ó wọn gígùn fírémù, kí wẹ́dà lè mọ bí táńkì á ṣe jókòó kí ìwúwo má bàa kọjá táyà ẹ̀yìn. Aago méje, ní oríta Ṣàgámù.